Ẹ̀wù Sójà Lọ́rùn Oníbúrẹ́dì

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú, búrẹ́dì wà nínú ààrò. Bàbá mi, Làsísì, ọmọ Ìwó, ni oníbúrẹ́dì ìlú kékeré tí à ń gbé ní òdìkejì Odò Ọya. Ìlú ìyá mi ni. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi, ibẹ̀ ló ti fẹ́ Ifeoma, ìyá mi, ó sì gbọ́ èdè wọn débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń gbàgbé pé àlejò ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ ilé ìwé ti tò síwájú ilé wa bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Èmi ni mò ń fi ìwé ìròyìn wé búrẹ́dì fún wọn. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí wọ́n ju páànù sílẹ̀ láti orí òrùlé, mo rò pé àwọn káfíńtà ni. Nígbà tó tún dún, ilẹ̀ mì, gbogbo búrẹ́dì orí tábìlì dà sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà sá lọ. Kò sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ mú ẹyọ kan nílẹ̀. Ìgbà tó yá, a óò máa wá èérún lórí ilẹ̀ yẹn kan náà.

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n bí sí Peckham ní London níbí máa ń bi mí pé kí ni mo rí nínú ogun abẹ́lé Nàìjíríà. Mo máa ń dá yín lóhùn pé ebi ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Èyí tó kù, n kò lẹ́nu láti sọ ọ́ títí Mulika, ìyá yín, fi mú mi lọ wo fọ́tò.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Helen, tó ń gbé ní East Dulwich, ló jogún àpótí fọ́tò lọ́dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀. Onífọ́tò ogun ni bàbá náà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó tẹ̀lé àwọn sójà ìlú rẹ̀ káàkiri nígbà ogun Jámánì. Nígbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, ó wá ya fọ́tò ogun tiwa náà. Helen fẹ́ pàtẹ àwọn fọ́tò yìí sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Rye Lane, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú lára. Wọ́n wá kéde pé kí ẹni tó bá lè dá ohunkóhun mọ̀ nínú wọn wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mulika rí ìkéde náà níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Mummy, wọ́n ní Nigeria wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ jàre. Bọ́ọ̀sì kan péré ni láti Old Kent Road.”

Mo tẹ̀lé e nítorí pé n kò fẹ́ kó dá lọ.

Wọ́n to tábìlì sínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n fún wa ní tíì àti bísíkíìtì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Colin, ará Forest Hill, ló ń bójú tó fọ́tò. Láti kékeré ló ti ń ka ìwé nípa ọkọ̀ òfurufú ogun. Ọmọlúwàbí ènìyàn ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó kọ́kọ́ fi àwọn ọ̀gá sójà Jámánì tí wọ́n mú lójú ogun hàn wá. Wọ́n dúró nínú iyanrìn níwájú bàálù akẹ́rù ńlá kan tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, tí ara rẹ̀ ní ìlà-ìlà bíi páànù tí a fi ń bo òrùlé. Colin ń tọ́ka sí kọ́là wọn, ó ń sọ ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa, ó ń sọ irú bàálù tó jẹ́ àti iye sójà tó lè gbé. Inú rẹ̀ ń dùn bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Èmi ń wo àwọn ọkùnrin náà. Ìbọ̀wọ́ wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàtà wọn ń dán. Ọ̀kan ń fa sìgá, sójà tó mú un ló ń ṣáná sí i fún un. Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin dúdú kan dúró sí, láìwọ bàtà, tó ru àpótí aṣọ wọn méjì lórí.

Mo bèèrè pé, “Ta nìyẹn?”

Colin gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó wò ó. Ó ní, “Aláàárù ni, mo rò.” Ó sì padà sórí ẹ́ńjìnnì bàálù rẹ̀.

Mo gbé tíì ọwọ́ mi sílẹ̀. N kò lè mu ún mọ́.

Orí tábìlì kejì ni wọ́n to ti Nàìjíríà sí. Bàálù akẹ́rù kan wà níbẹ̀ náà, tó fi imú gúnlẹ̀ sínú koríko, táyà rẹ̀ kan ti ya. Fọ́tò tó tẹ̀lé e jẹ́ ti ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n tò níwájú bàálù yẹn kan náà, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù ọ̀gá sójà. Wọ́n ti lẹ ìwé pélébé kan sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọ̀gá sójà tí wọ́n mú lójú ogun ni, a kò tíì mọ orúkọ wọn. Ẹni tó wà láàárín ni bàbá mi.

Mo di etí tábìlì mú.

Mulika ní, “Mummy, kí ló dé?”

Mo ní kó wá àga fún mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí mò ń wò níbẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ìró àkọ́kọ́ yẹn, kò pẹ́ tí fúláwà fi tán ní ìlú. Iyọ̀ náà tán. Àwọn sójà tó ń ṣọ́ wa sọ títì tó gba inú oko ọ̀pẹ kọjá di pápá bàálù. Nírọ̀lẹ́, bàálù akẹ́rù á rọra fò lórí ilé wa, ìró rẹ̀ á mú ìkòkò gbọ̀n lórí àdògán. Gbogbo wa mọ̀ pé mílíìkì àti ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, nítorí òórùn ẹja náà wà lára àwọn tó ń já ẹrù. Mílíìkì díẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Èyí tó pọ̀ ń wọ ilé àwọn ọ̀gá. Mo fi ojú ara mi rí ìyàwó ọ̀gá kan tó ń da mílíìkì sínú abọ́ fún ajá.

A jẹ ewé gbágùúdá. A jẹ alángbá. A jẹ èèpo iṣu tí a sá sóòrùn. Àbúrò mi, Tàjù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, wú lẹ́sẹ̀, ó wú lójú, irun rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo. Nígbà tó kú, n kò mọ̀ bóyá ó wúwo ju aṣọ tí a fi wé e lọ. Bàbá mi wẹ̀ ẹ́, ó dá kírun sí i lára, nítorí kò sí mùsùlùmí mìíràn nítòsí. Ẹ̀yìn ààrò la sin ín sí.

Àwọn sójà tó ń ṣọ́ ìlú ń fura sí bàbá mi nítorí pé Yorùbá ni. Wọ́n máa ń wá tú ilé wa, wọ́n ń wá rédíò tó fi ń bá ọ̀tá sọ̀rọ̀. Ìyá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ọkọ mi ni. Búrẹ́dì rẹ̀ lẹ jẹ dàgbà.” Wọ́n á tì í sápá kan, wọ́n á wọlé.

Nígbà tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ ń sún mọ́ ìlú, a sá wọ igbó. Ìyá mi ru ìkòkò, bàbá mi gbé mi kọ́rùn nígbà tí ẹsẹ̀ mi kò gbà mọ́. Ọta ìbọn ń já ewé lórí wa bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀. A sùn nínú ẹrẹ̀, a mu omi inú rẹ̀. Ebi ló lé wa padà. Nígbà tí a dé, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn sójà ìjọba. Àwọn ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn sá lọ. Wọ́n fi bàálù tí táyà rẹ̀ ya sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wù wọn kọ́ sínú ilé, kí wọ́n má baà dá wọn mọ̀ lọ́nà.

Láàárín àwọn tó gba ìlú, bàbá mi gbọ́ Yorùbá. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Sájẹ́ńtì kan tẹrí ba fún un, ó ní, “Ẹ kú ewu, Bàbá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń ṣe búrẹ́dì níbí. Ṣé ẹ lè bá wa ṣe é?” Wọ́n kó fúláwà wá, bàbá mi dáná sí ààrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn táwọn sójà bá jẹun tán, wọ́n gbà kó fún àwọn ará ìlú. Mo jẹ búrẹ́dì, mo bì í, mo tún jẹ ẹ́. Bàbá mi sọ fún ìyá mi pé ogun ti parí ní tiwa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni onífọ́tò òyìnbó kan dé pẹ̀lú kámẹ́rà méjì lọ́rùn. Ó fẹ́ ya àwọn ọ̀gá sójà tí wọ́n mú pẹ̀lú bàálù náà. Kò sí ọ̀gá kankan láti yà. Òun àti sájẹ́ńtì náà jọ sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn sójà tó ń kó àwọn ẹ̀wù yẹn bọ̀. Wọ́n mú ọkùnrin mẹ́rin lórí ìlà àwọn tó tò dúró de búrẹ́dì. Wọ́n pe bàbá mi jáde nídìí ààrò.

Bàbá mi ní, “Ọmọ mi, èmi kì í ṣe sójà. Ìwọ náà mọ̀.”

Sájẹ́ńtì náà ní, “A mọ̀, Bàbá. Ẹ kàn wọ̀ ọ́. Fọ́tò lásán ni.”

Ẹ̀wù náà ti kéré jù fún un. Onífọ́tò náà fúnra rẹ̀ ló bá a de bọ́tìnì ọrùn. Fúláwà wà lórí irun bàbá mi àti létí rẹ̀. Òyìnbó náà yọ aṣọ ìnujú rẹ̀, ó rọra nù ún kúrò, bí ìgbà tí ìyá bá ń nu ojú ọmọ tó ń lọ ilé ìwé. Ó padà sẹ́yìn, ó yà wọ́n. Àwọn sójà ń rẹ́rìn-ín.

Kí wọ́n tó bọ́ ẹ̀wù náà, ọ̀gá àgbà kan dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ọkùnrin márùn-ún nínú ẹ̀wù ọ̀tá. Ó bèèrè pé àwọn wo nìyí. Sájẹ́ńtì náà wo onífọ́tò, ó wo ilẹ̀.

Ó ní, “Àwọn ọ̀gá tí a mú ni, sà.”

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló bà á láti sọ pé eré làwọn ń ṣe, tàbí oríyìn ló ń wá. Bàbá mi sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì pé oníbúrẹ́dì ni òun. Ọ̀gá náà ní kò sí ẹni tí wọ́n mú tí kì í sọ pé òun kì í ṣe sójà. Wọ́n dì wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n tì wọ́n sínú ọkọ̀. Ìyá mi ń ké ní èdè rẹ̀, wọ́n fi ìdí ìbọn tì í ṣubú. Mo sáré bá sájẹ́ńtì náà.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ní fọ́tò ni.”

Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí bàbá mi ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gé e jẹ. Ó ń jẹ ẹ́ títí ọkọ̀ fi lọ. Onífọ́tò náà ń kó kámẹ́rà rẹ̀ sínú báàgì. Ó rí wa. Mo mọ̀ pé ó rí wa, nítorí pé ó kẹ́yìn sí wa kó tó parí ohun tó ń ṣe.

Àwọn tó kù lórí ìlà rọra túká. Búrẹ́dì jó mọ́ inú ààrò, a sì jókòó nínú èéfín rẹ̀, èmi àti ìyá mi.

Lẹ́yìn ogun, ìyá mi wá a kiri. Ó dé bárékè, ó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó mú un ní kò sí ọ̀gá sójà tó ń jẹ́ Làsísì lára àwọn tí àwọn kó. Àwọn tó ni ẹ̀wù ní àwọn kò ní ọ̀gá sójà kankan tó jẹ́ Yorùbá. Ìyá mi kú láìmọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Èmi dàgbà, mo wá sí London, mo ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò fẹ́ rí ẹni tó bá gbé kámẹ́rà sí mi lójú. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún wọn nínú gbọ̀ngàn yẹn, díẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì, díẹ̀ tí Mulika bá mi túmọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, Colin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ó dun òun púpọ̀. Ó ní, bí kò bá ni mí lára, ṣé mo rántí nọ́ńbà tó wà ní ìrù bàálù náà, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá a.

Mo wò ó. Mo ní, “Bàbá mi nìyí. Ìrù bàálù lẹ ń bi mí.”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló kó mi nírìíra.

Helen ní, “Ṣé ó dá yín lójú? Ó ti pẹ́ gan-an, ẹ sì wà lọ́mọdé. Bàbá àgbà mi kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.”

Mo fi ìka sí ojúgun bàbá mi nínú fọ́tò. Kò wọ bàtà. Funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé orúnkún. Colin ní ó lè jẹ́ eruku. Mo ní pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀, fúláwà nìyẹn. Mo ní bàbá àgbà Helen nu orí, ó nu etí, kò rántí bẹ̀rẹ̀ nu ẹsẹ̀.

Helen bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n fún un ní tíṣù, Colin fi ọwọ́ lé e léjìká. Kò sẹ́ni tó rántí fún mi lómi. Nígbà tó ṣe, Helen ní òun lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin kan ládùúgbò gbà gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ará ìlú lásán.

Mo ní rárá. Mo ní kì í ṣe pé mo gbà gbọ́. Mo ní kó kọ Làsísì, oníbúrẹ́dì. Kó kọ Okoro, tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò, òun ló wà lápá òsì. Kó kọ Uche tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Àwọn méjì tó kù, n kò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n kó kọ pé orí ìlà búrẹ́dì ni wọ́n ti mú wọn, ebi ń pa wọ́n.

Mulika dìde, ó fa ìwé pélébé yẹn ya kúrò lábẹ́ fọ́tò, ó fún un mọ́ ọwọ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ, Mummy.”

Nígbà tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, mo ní kó mú mi padà lọ. Tábìlì tiwa kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó gbogbo fọ́tò Nàìjíríà kúrò, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ mú inú ẹnikẹ́ni bàjẹ́. Àwọn Jámánì nìkan ló kù lára ògiri. Wọ́n ti wá orúkọ gbogbo wọn rí, wọ́n kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú orúkọ bàálù akẹ́rù náà àti ohun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè ṣe. Wọ́n sọ fọ́tò náà di ńlá. Kí ó lè gba ibi tí wọ́n gbé e kọ́ sí, wọ́n ti gé ọkùnrin tó ru àpótí kúrò. Àwọn ènìyàn ń dúró síwájú rẹ̀, wọ́n ń fi fóònù ya ara wọn. Mo ní kí Mulika mú mi lọ sílé.

Lẹ́yìn ìyẹn, Helen wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó mú fọ́tò bàbá mi wá nínú páálí. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe lè gbé e kọ́ ògiri, òun kò sì lè gbé e padà sínú àpótí. N kò ní kó wọlé. Mo bi í bóyá bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ wa rí. Ó ní rárá, pé ọ̀rọ̀ ogun Jámánì nìkan ló máa ń sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé mo mọ ohun tí mo gbà, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Kò sí fọ́tò bàbá mi mìíràn láyé yìí. Èyí nìkan ni, ẹ̀wù tó pa á ló sì wọ̀ nínú rẹ̀. Mulika ní òun lè fi kọ̀ǹpútà yọ ẹ̀wù náà, kí òun fi agbádá rọ́pò rẹ̀, kó lè dára láti gbé sí pálọ̀. Mo ní kó má dán an wò. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ló wọ̀ yẹn. Bí a bá bọ́ ọ fún un nísinsìnyí, àwa náà parọ́ mọ́ ọn nìyẹn.

Mo ti gbàgbé ojú rẹ̀. Ojú tí mo ti ń rántí láti ìgbà yẹn, mo rí i báyìí pé èmi ni mo dá a. Bàbá mi inú fọ́tò kéré lọ́jọ́ orí ju Mulika lọ. Nígbà tí ẹ bá ti lọ sílé ìwé, tí ilé dákẹ́, mo máa ń gbé fọ́tò náà ka orí tábìlì. Àwọn mẹ́rin tó kù ń wo kámẹ́rà. Bàbá mi nìkan ni kò wò ó. Ó kọ ojú sí apá ọ̀tún, síbi tí fọ́tò parí sí, ó sì ń fi orí ṣe àmì díẹ̀ pé kò séwu. Ibẹ̀ ni èmi àti ìyá mi dúró sí.